Ohun Tí Kíkan Ń Ṣe sí Pròtéènì, láti Inú Ìkòkò Wàrà títí dé Inú Ẹ̀jẹ̀

Fídíò kan ń kiri orí WhatsApp ní Òṣogbo báyìí. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà gbé ìgò omi lọ́wọ́. Ó ní ásíìdì, ìyẹn ohun tó ń kan, ló ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ó ní bí ẹni tó jẹ́ SS, tó ní àìsàn sẹ́ẹ̀lì dòjé, bá ń mu omi álíkálì (òdìkejì ásíìdì) tí òun ń tà, gbogbo ásíìdì ara rẹ̀ yóò ṣàn dànù, kò sì ní rí kíráísìsì mọ́ láyé. Owó tó dá lé ìgò kan kì í ṣe kékeré. Obìnrin kan ládùúgbò wa ní Òkè Báálẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ SS, fi fídíò náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé nípa nǹkan wọ̀nyí, ṣé kí n rà á?"

Mo ní kó má rà á. Ṣùgbọ́n "má rà á" kò tó fún ìyá tó ti gbé ọmọ sáré lọ sílé ìwòsàn lóru, tó sì ti rí ọmọ náà níbi tó ń ké nítorí ìrora egungun. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ yẹ fún àlàyé, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn èèyàn lára. Bàọ́kẹ́místírì ni mo kà, ọ̀rọ̀ pròtéènì sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé yìí. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti ṣe àlàyé náà bó ṣe yẹ.

Wàrà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé inú ìkòkò wàrà ni ojú lásán ti lè rí ohun tí kíkan ń ṣe sí pròtéènì.

Àwọn tó ń ṣe wàrà sóyà, èyí tí àwọn kan ń pè ní bẹ́sìkẹ́, kò wọ́n nílùú yìí. Wọn á rẹ ẹ̀wà sóyà mọ́jú, wọn á bó o, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á fi aṣọ sẹ́ ẹ. Omi funfun tó bá jáde ni wọn á gbé kaná. Ó gbọ́dọ̀ hó dáadáa, torí pé èròjà kan wà nínú sóyà tútù tó máa ń dí ìfun lọ́wọ́ láti da pròtéènì, iná ló sì ń pa á. Lẹ́yìn tó bá hó ni omi ògì á wọlé, omi kíkan tó lé sórí ògì tó ti wà nílẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní omídùn. Ẹlòmíràn ń lo ọsàn wẹ́wẹ́, ẹlòmíràn ń lo álọ́ọ̀mù.

Mo bi màmá oníwàrà kan nítòsí ọjà Ìgbọ̀nà pé, "Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í da gbogbo omi ògì yẹn sí i lẹ́ẹ̀kan náà?"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí o bá dà á lẹ́ẹ̀kan, wàrà ẹ á le, á sì máa rún. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ìwọ ṣáà máa wo omi ẹ̀. Tó bá ti ń mọ́ gaara, dá ọwọ́ dúró."

Tó bá ti ń mọ́ gaara. Ohun tí àwọn ìwé wa fi ojú ewé púpọ̀ sọ nìyẹn. Omi náà funfun tẹ́lẹ̀ nítorí pé pròtéènì àti ọ̀rá fọ́n ká inú rẹ̀. Nígbà tó bá mọ́, pròtéènì ti kúrò nínú omi, ó ti kó ara rẹ̀ jọ, ó sì kó ọ̀rá dání.

Kí ló lé e jáde? Pròtéènì jẹ́ ẹ̀wọ̀n gígùn tí a fi ogún irú amínò ásíìdì so pọ̀, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ṣe tẹ̀ lé ara wọn ló sì ń sọ irú pròtéènì tí yóò jẹ́. Ẹ̀wọ̀n yìí kì í dúró gbọọrọ. Ó máa ń ká, ó máa ń lọ́, títí yóò fi di ìrísí kan pàtó, ìrísí yẹn ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Lára amínò ásíìdì wọ̀nyí, àwọn kan gbé iná nẹ́gétíìfù, àwọn kan gbé iná pọ́sítíìfù (irú iná mànàmáná ni mo ń wí, kì í ṣe iná ìdáná), ọ̀pọ̀ kò gbé nǹkan kan. Nínú omi sóyà tí kò tíì kan, nẹ́gétíìfù ló borí lára pròtéènì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti yọ mágínẹ́ẹ̀tì lára rédíò tó bàjẹ́ rí, tó sì gbìyànjú láti fi ojú kan náà kan ara wọn, mọ bó ṣe máa ń rí: wọn á máa ti ara wọn sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni pròtéènì inú omi sóyà ṣe ń ti ara wọn, ìyẹn ni kò fi jẹ́ kí wọ́n dì.

Ohun tó ń jẹ́ kíkan, lójú onímọ̀ kẹ́místírì, ni háídírójìn tó gbé iná pọ́sítíìfù tó ń rìn kiri nínú omi. Bí omi ògì ṣe ń wọlé, àwọn háídírójìn yìí á máa lẹ̀ mọ́ ibi tí nẹ́gétíìfù wà lára pròtéènì, wọn á máa pa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá dé ibì kan, pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù á dọ́gba, àpapọ̀ wọn á sì di òdo. Kò sí ohun tó ń tì wọ́n mọ́. Iná tó sè wọ́n sì ti kọ́kọ́ tú ìkájọ wọn, tó jẹ́ kí àwọn ibi tí kò fẹ́ràn omi, tó máa ń sá pamọ́ sínú, bọ́ síta. Àwọn ibi wọ̀nyẹn á wá ara wọn kàn, wàrà á sì dì. Fún pròtéènì sóyà, nǹkan bí 4.5 ni ibi ìdọ́gba yìí wà lórí òṣùwọ̀n pH, èyí tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó. Fún kéésíìnì, tó tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún pròtéènì wàrà màlúù, 4.6 ni. Ìdí nìyẹn tí wàrà màlúù tó bá kan fi ń dì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò retí. Bí èèyàn bá lo ásíìdì tó lágbára ju omi ògì lọ, tó sì gba ibi ìdọ́gba yẹn kọjá lọ sísàlẹ̀, pọ́sítíìfù ni yóò wá borí lára pròtéènì náà. Wọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn, púpọ̀ nínú wọn á sì tún lè padà sínú omi. Ẹni tó bá ń rò pé ásíìdì kàn ń "pa" pròtéènì ni, bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe pa á tó, kò lè ṣàlàyé èyí. Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ni, pròtéènì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ibi ìdọ́gba tirẹ̀.

(Wàrà àwọn obìnrin Fúlàní, tí wọ́n ń fi ewé bòmubòmu ṣe, yàtọ̀ sí èyí. Oje ewé yẹn kò gbẹ́kẹ̀ lé kíkan. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń mú kí ìyípadà yára, wà nínú rẹ̀ tó ń gé pròtéènì tó bo ara ìṣù kéésíìnì, tí ìṣù náà fi ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀nà kan náà ni.)

Ọ̀gbẹ́ni tó fún wa ní òṣùwọ̀n pH ni Søren Sørensen, ará Dẹ́ńmáàkì, lọ́dún 1909, nílé ìwádìí Carlsberg ní Copenhagen, tí iléeṣẹ́ ọtí bíà dá sílẹ̀. Ẹ́ńsáìmù ló ń ṣèwádìí lé lórí, ẹ́ńsáìmù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pròtéènì tán. Ó rí i pé òun kò lè sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ láìsọ bí omi tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ṣe kan tó. Lórí òṣùwọ̀n yìí, 7 kò kan, kì í sì ṣe álíkálì, bó bá ti ń lọ sísàlẹ̀ ló ń kan sí i, bó bá ti ń lọ sókè ló ń di álíkálì sí i, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Láti 7 sí 4, kíkan ti di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún.

Apá òkè òṣùwọ̀n náà kò ṣàjèjì sí wa. Òṣogbo ìlú aró ni wá, omi eérú tí àwọn aláró ń sẹ́ sínú ìkòkò sì wà lókè réré lórí òṣùwọ̀n yìí. Irú náà, bí ó bá ti ń rà, pròtéènì inú rẹ̀ ń fọ́, èròjà amóníà ń jáde, ó sì ń gbé irú lọ sí nǹkan bí 8. Òórùn tó ń kí èèyàn káàbọ̀ kó tó dé ìsọ̀ onírú, amóníà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti fi rílásà pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lórí sì mọ ohun tí álíkálì líle lè ṣe sí irun, torí pé pròtéènì ni irun. Nítorí náà, ẹni tó ń fi álíkálì polówó ọjà bí ẹni pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára kò sọ òtítọ́ tán.

Ó ti tó ọdún púpọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ásíìdì àti iná lè yí ìṣesí pròtéènì padà láìgé ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Lọ́dún 1931, onímọ̀ ará Ṣáínà kan, Hsien Wu, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtúká ìkájọ ni: ẹ̀wọ̀n náà wà, àmọ́ ìrísí rẹ̀ ti tú. Christian Anfinsen wá fi hàn lẹ́yìn náà pé pròtéènì kan, ríbónúkílíéèsì, tí a bá tú ìkájọ rẹ̀, lè padà ká ara rẹ̀ bó ṣe wà bí a bá dá a padà sínú ipò tó bá a lára mu. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1972. Ẹyin sísè kò lè di tútù mọ́, ṣùgbọ́n nínú ara ọ̀pọ̀ ìyípadà tí kíkan ń fà kì í jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ iná kan ṣoṣo ni háídírójìn pa lára ẹ̀wọ̀n, kí pròtéènì náà sì yí díẹ̀, kó sì yí padà nígbà tí háídírójìn bá kúrò. Kékeré ni ìyípadà yẹn, òun ni ẹ̀mí wa sì gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ wo inú ikùn. pH ibẹ̀ lè lọ sílẹ̀ dé 1.5, kó má sì ju nǹkan bí 3.5 lọ bí ebi bá ń pani. Ibẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù pẹ́písìn, tí Theodor Schwann rí lọ́dún 1836, ti ń gé ẹran àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́. Nígbà tí ara bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é, kì í lè gé nǹkan kan. Ìdérí kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí iná pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù fi dì mọ́ ọn. Ásíìdì ló ń pa nẹ́gétíìfù yẹn, tí ìdérí náà fi ń ṣí, tí pẹ́písìn sì ń jí. Bó bá ti bá oúnjẹ bọ́ sínú ìfun, tí omi álíkálì láti inú àmọ́ (pánkíríásì) pàdé rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Tírípísìn, ẹ́ńsáìmù ìfun, yóò gbà á níbẹ̀, nǹkan bí 8 ló sì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Àwọn méjì yìí kò lè pààrọ̀ ibùgbé. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé "ásíìdì ara" kò dára, ẹ bi í pé ásíìdì ibo?

Ó wá ku ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa kò kan rárá. Láàárín 7.35 sí 7.45 ló máa ń wà, ara kì í sì fi èyí ṣeré. Bó bá lọ láti 7.4 sí 7.1 péré, kíkan rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, àwọn dókítà á sì ti máa sáré.

Nínú ẹ̀jẹ̀ ni hìmóglóbìn wà, pròtéènì pupa tó ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Ta ló ń sọ fún un pé ibí ni kó ti já ẹrù sílẹ̀? Kíkan ni. Lọ́dún 1904, Christian Bohr, òun náà ará Dẹ́ńmáàkì, fi hàn pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí kábọ́ọ̀nù-dáíọ́sáìdì bá pọ̀, hìmóglóbìn kì í di ọ́síjìn mú ṣinṣin mọ́. Ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́, bíi ti ẹni tó ń gun òkè lórí kẹ̀kẹ́, máa ń tú kábọ́ọ̀nù-dáíọ́sáìdì àti ásíìdì sínú ẹ̀jẹ̀ àyíká rẹ̀. Háídírójìn á lẹ̀ mọ́ ibi mélòó kan lára hìmóglóbìn, pàápàá mọ́ amínò ásíìdì tó ń jẹ́ hísítídíìnì, ìyẹn á sì mú kí hìmóglóbìn yí sí ìrísí tó fẹ́ràn láti jọ̀wọ́ ọ́síjìn. Ibi tó nílò ọ́síjìn jù ló fúnra rẹ̀ ń kan, kíkan náà ló sì ń gba ọ́síjìn fún un. Mi ò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu jù èyí lọ nínú gbogbo ohun tí mo kà.

Ohun tó dára fún ẹni tó jẹ́ AA ló wá di wàhálà fún ẹni tó jẹ́ SS. Vernon Ingram ló fi hàn ní 1956 àti 1957 pé ìyàtọ̀ A àti S jẹ́ amínò ásíìdì kan ṣoṣo. Ní ipò kẹfà lórí ẹ̀wọ̀n bétà tó ní amínò ásíìdì 146, glutámíìkì ásíìdì, tó gbé iná nẹ́gétíìfù, ti kúrò. Fàlíìnì tí kò gbé iná kankan, tí kò sì fẹ́ràn omi, ló jókòó síbẹ̀. Bí hìmóglóbìn S bá ṣì gbé ọ́síjìn dání, kò sí ìjà. Bó bá ti jọ̀wọ́ ọ́síjìn, ìrísí tó yí sí á ṣí ihò kan sílẹ̀ tí fàlíìnì ara ẹlòmíràn lè kì bọ̀. Wọn á so mọ́ra wọn di okùn gígùn líle nínú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ bíi dòjé, yóò sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀.

Òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú fídíò yẹn ti fara hàn. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS bá kan ju bó ṣe yẹ lọ, hìmóglóbìn rẹ̀ á tètè jọ̀wọ́ ọ́síjìn, okùn yẹn á sì rí ààyè. Àwọn dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ibi tí irọ́ ti wọlé ni pé ìgò omi lè ṣàtúnṣe rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 9, bí kò bá sí èròjà míì tó ń ràn án lọ́wọ́, álíkálì inú lítà kan rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mílílítà kan péré ásíìdì ikùn tó wà ní pH 2 fi tó láti pa á tán. Mílílítà kan! Ìgò omi náà kò tíì kúrò nínú ikùn tó ti di omi lásán. Ká tiẹ̀ ní díẹ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀fóró ń bẹ níbẹ̀ tó ń mí kábọ́ọ̀nù-dáíọ́sáìdì síta ní ìwọ̀n tó yẹ, kíndìnrín ń tọ àṣẹ́kù dànù, èròjà báíkábónéètì inú ẹ̀jẹ̀ sì ń fa gbogbo rẹ̀ sí ìdọ́gba ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Àwọn ló ń pinnu pH ẹ̀jẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kan ní tòótọ́, àìsàn ńlá ló ń ṣe é, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà.

Ohun tí mo wá kọ sí ìyá yẹn nìyí. Omi dára fún ọmọ rẹ, kó máa mu ún dáadáa, omi mímọ́ lásán. Bí omi bá gbẹ lára rẹ̀, hìmóglóbìn inú sẹ́ẹ̀lì á fún pọ̀, bí wọ́n bá sì fún pọ̀ díẹ̀ sí i, okùn yẹn á tètè hun gan-an. Owó ìgò yẹn, fi ra fólíìkì ásíìdì, oògùn tó ń dènà ibà, àti àwọ̀n ẹ̀fọn. Má jẹ́ kí òtútù mú un. Kí ẹ sì bi dókítà léèrè nípa háídírọ́ksíyúríà, oògùn tó ń jẹ́ kí ara ṣe hìmóglóbìn irú ti ọmọ inú oyún, èyí tí kì í jẹ́ kí S rí ara wọn dì mú bó ṣe fẹ́. Ó ní òun yóò béèrè tí wọ́n bá padà lọ sí kílíníìkì.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń múra ìgbéyàwó mọ̀, torí pé ìwé jínótáìpù ni pásítọ̀ àti àáfà ń béèrè lọ́wọ́ wọn báyìí. Iná nẹ́gétíìfù tó sọnù yẹn ni àyẹ̀wò náà ń wá. Lọ́dún 1949, Linus Pauling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hìmóglóbìn sínú iná mànàmáná, wọ́n sì rí i pé ti S kì í rìn bíi ti A. Títí dòní, ọ̀pọ̀ láàbù ń ṣe é lórí bébà pẹlẹbẹ kan nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 8.6. Wọ́n yan 8.6 nítorí pé ibi ìdọ́gba hìmóglóbìn A àti S wà ní àyíká 7. Lókè ibẹ̀, nẹ́gétíìfù borí lára àwọn méjèèjì, wọn á jọ máa lọ sí apá pọ́sítíìfù, A á ṣáájú, S á tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹni tó jẹ́ AS á ní ìlà méjì. Ṣùgbọ́n irú hìmóglóbìn míì wà, D àti G, tó máa ń dúró síbi tí S dúró sí gẹ́lẹ́ ní 8.6, tí ojú kò sì lè yà wọ́n. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀jẹ̀ kan náà sínú ágà sítíréètì, irú jẹ́lì kan tó kan díẹ̀, ní nǹkan bí 6.2, S á ya ọ̀nà tirẹ̀. Bí èsì yín bá yà yín lẹ́nu, tí kò bá ti òbí yín mu, ẹ ṣe é ní láàbù kejì, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n lè ṣe ti ásíìdì náà.